Ibi tí Ìpè ti Já: Mọ́dẹ́mù, Linux Fífúyẹ́ àti Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

Mọ́dẹ́mù ni ẹ̀rọ tí ó ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ fi ránṣẹ́ di ìró tí wáyà tẹlifóònù lè gbé, tí ó sì tún ń sọ ìró tí ó bá ti òdìkejì wáyà wá di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà. Kí fóònù alágbèéká tó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ilé àti ọ́fíìsì gbà kọ́kọ́ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì: kọ̀ǹpútà á pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́dẹ́mù tí ó wà lọ́hùn-ún á gbé ìpè, àwọn méjèèjì á kí ara wọn, wọn á fẹnu kò lórí ìwọ̀n eré tí wọn yóò máa sá, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnì ìpè títí di ìgbà tí ojú ìwé àkọ́kọ́ yóò ṣí, ìpele tí ìpè náà ń gbà kọjá tó mẹ́fà tàbí méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti bàjẹ́. Ohun tí ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà ni pé gbogbo ìbàjẹ́ wọ̀nyí jọ ara wọn lójú ẹni tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, nítorí ohun kan ṣoṣo ni ó rí, pé íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń bi ìpele kọ̀ọ̀kan léèrè ni yóò mọ̀ pé wọn kò jọra rárá, àti pé ẹ̀rọ náà ti sọ ibi tí ó ń dùn ún kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ní Nàìjíríà nígbà náà, wáyà ni ó ń fa ìṣòro jù. Ilé-iṣẹ́ NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985 nígbà tí a so ẹ̀ka tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ NET tí ń bójú tó ìpè ilẹ̀ òkèèrè, ni ó ni ìlà tẹlifóònù tí ó pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà náà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ ní 2000, nígbà tí iye ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ti kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ìlú ńlá ni a pín èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí. Ìlú bí Ìlárá Rẹ́mọ, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ tí Ìsarà jẹ́ olú rẹ̀, kì í ṣe ibi tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nígbà náà, ẹni tí ó bá sì rí i lò ní agbègbè náà ní láti múra sílẹ̀ fún owó ọ̀nà méjì, nítorí pé Èkó àti àwọn ìlú ńlá mélòó kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bíi Linkserve fi ṣe ibùdó: á san owó íntánẹ́ẹ̀tì, NITEL á sì tún máa ka ìṣẹ́jú ìpè ọ̀nà jíjìn sí i lọ́rùn, yálà ojú ìwé ṣí tàbí kò ṣí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti ń gba inú ìlà kan kọjá, ti kọ̀ǹpútà náà yẹ kí ó gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Etí ènìyàn a máa fojú fo ọ̀pọ̀ ariwo tí mọ́dẹ́mù kò lè fojú fò. Ìró tí ìlà tẹlifóònù gbà láyè kò kọjá èyí tí ó wà láàárín 300 sí 3,400 hertz, èyí tí í ṣe iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú àyè tóóró yìí sì ni mọ́dẹ́mù gbọ́dọ̀ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Lórí ìlà tí ó mọ́, ó lè gbé tó 33,600 bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bit sì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń kà, tí kì í kọjá òdo tàbí ení. Iye 56,000 tí a ń kọ gàdàgbà sára páálí mọ́dẹ́mù láti ìgbà tí ìlànà V.90 ti jáde ní 1998 jẹ́ ìlérí tí ó ní gbèdéke: ohun tí ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó kàn, ó sì nílò exchange ìgbàlódé, ìyẹn ibùdó tí NITEL ti ń so ìlà pọ̀ mọ́ra, àti wáyà tí kò ní àbùkù. Bí omi òjò bá ti rìn wọ inú káébù, tàbí tí ojú ìsopọ̀ wáyà kan ti dípẹtà, àwọn mọ́dẹ́mù méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ eré kalẹ̀ títí wọn yóò fi dé 14,400 tàbí 9,600, tàbí kí ìpè já pátápátá kí ọ̀rọ̀ NO CARRIER sì jáde lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a kò gbọ́ ohùn ẹnìkejì mọ́. Ti àrá tún wà níbẹ̀. Agbára mànàmáná a máa gba orí wáyà tẹlifóònù wọ ilé, òun ni ó sì pa ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́mù tí olówó rẹ̀ rò pé Linux ni kò mọ̀ ọ́n lò, nítorí náà ó bọ́gbọ́n mu láti yọ wáyà náà lẹ́nu kọ̀ǹpútà nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú.

Àyẹ̀wò tí ó péye jù lọ fún wáyà kò ní kọ̀ǹpútà nínú. A ó ki tẹlifóònù lásán bọ ojúhò ara ògiri kan náà, a ó gbé e létí, a ó tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo kí ìró tí ń ké lórí ìlà lè dákẹ́, a ó wá fetí sí ìdákẹ́jẹ́ náà. Bí a bá gbọ́ gbìrìgbìrì, tàbí ohùn àwọn ènìyàn mìíràn lábẹ́lẹ̀, kò sí ìyípadà kankan nínú kọ̀ǹpútà tí yóò wo ìlà náà sàn.

Lẹ́yìn wáyà ni ó kan mọ́dẹ́mù fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ Basel Action Network, tí ó ṣe ìwádìí ní Èkó ní 2005, fojú bù ú pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 tí ó kún fún kọ̀ǹpútà àlòkù ni ó ń gúnlẹ̀ sí ìlú náà lóṣooṣù, tí nǹkan bí kọ̀ǹpútà 800 sì wà nínú kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Àwọn tí ó ṣeé tún ṣe ni ó ń gba ọjà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village, kọjá sí àwọn ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní mọ́dẹ́mù nínú ikùn, nítorí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tí a ti kọ́kọ́ lò wọ́n, orí wáyà tẹlifóònù ni àwọn tí ó ni wọ́n ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọn kò ní ni agbára ìrántí tí ó tó fún Windows tuntun, ìdí sì nìyí tí Linux tí kò wúwo fi wúlò fún wọn.

Linux ni ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tún un ṣe bí ó bá ti wù ú. Nítorí òmìnira yìí ni onírúurú ènìyàn fi gé e kúrú fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Barry Kauler, ará Australia, gbé Puppy Linux jáde ní 2003, èyí tí ó ń gbé gbogbo ara rẹ̀ sínú agbára ìrántí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí láti orí CD, tí kò sì nílò disk líle rárá; Damn Small Linux tí John Andrews dá sílẹ̀ kò ju megabyte 50 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní kedere pé àwọn ètò wọ̀nyí kì í ṣe ohun ìṣeré, nítorí kọ̀ǹpútà tí àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti sọ pé ó ti kú ni wọ́n máa ń jí dìde.

Ṣùgbọ́n mọ́dẹ́mù inú ikùn àwọn kọ̀ǹpútà náà ni ó ń já Linux kulẹ̀ jù lọ. Kí ọjà wọn lè pọ́ọ́kú, àwọn tí ó ṣe wọ́n yọ ọpọlọ mọ́dẹ́mù kúrò, wọ́n sì kó iṣẹ́ rẹ̀ fún Windows kí ó máa fi agbára kọ̀ǹpútà ṣe é, ìdí nìyí tí a fi ń pe irú rẹ̀ ní winmodem. Ó dà bí ìlù tí kò ní onílù: awọ wà, igi wà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ wá lù ú. Lórí Linux, dráífà, ìyẹn ètò kékeré tí ó ń darí ẹ̀rọ kan pàtó, ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bí onílù náà, dráífà winmodem kan kò sì bá èkejì mu. Àṣẹ kúkúrú kan, lspci, ni yóò sọ ẹni tí ó ṣe é, yálà Conexant, Lucent, SmartLink tàbí Intel, lẹ́yìn èyí ni a ó tó mọ dráífà tí a ń wá. Ti Conexant ní ẹ̀dùn tirẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ Linuxant tí ó ṣe dráífà rẹ̀ dín eré èyí tí ó fi tọrẹ kù sí 14,400 bit, ẹni tí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ sanwó. Ẹni tí ó bá rí mọ́dẹ́mù àlòkù tí ó dá dúró lórí tábìlì, tí ó ní iná wínníwínní níwájú àti okùn tí ó wọ ojúhò serial lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kí ó rà á láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọpọlọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kò sì bèèrè dráífà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí mọ́dẹ́mù bá wà, tí dráífà rẹ̀ sì wà, ó ku kí Linux mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà bá a sọ̀rọ̀. Lójú Linux, gbogbo ẹ̀rọ ni ó ní orúkọ gẹ́gẹ́ bí fáìlì: ojúhò serial àkọ́kọ́ ń jẹ́ /dev/ttyS0, èkejì ń jẹ́ /dev/ttyS1, ètò tí ó bá sì ń pe /dev/ttyS0 nígbà tí mọ́dẹ́mù wà lórí /dev/ttyS1 yóò máa dúró de ìdáhùn tí kò ní wá. Àṣẹ wvdialconf a máa lọ káàkiri àwọn ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí, a máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá mọ́dẹ́mù ń bẹ níbẹ̀, a sì máa kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì /etc/wvdial.conf. Lórí Puppy, ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá pátápátá, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ètò tí a gé láti ara Debian, bíi antiX, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ dialout lè rí mọ́dẹ́mù lójú, kí àṣẹ má sì gbà á láyè láti fọwọ́ kàn án.

Èdè tí mọ́dẹ́mù gbọ́ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Dennis Hayes ní Amẹ́ríkà gbé jáde pẹ̀lú mọ́dẹ́mù rẹ̀ ní 1981, lẹ́tà A àti T sì ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ AT nìkan, tí mọ́dẹ́mù sì dáhùn pé OK, ó ti jẹ́rìí pé òun wà láàyè àti pé ẹnu ọ̀nà náà ni ó tọ́. Nípa lẹ́tà méjì péré, ìdajì iṣẹ́ àyẹ̀wò ti parí. ATZ ń dá a padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ATDT tí nọ́ńbà tẹ̀ lé ń pa á láṣẹ pé kí ó pe nọ́ńbà náà, ATDP sì wà fún exchange àtijọ́ tí kì í gbọ́ ìró bọ́tìnì, tí ó jẹ́ pé gbọ̀ngbọ̀n ni a fi ń ka nọ́ńbà fún un. Àṣẹ kan tí ó yẹ kí gbogbo onímọ́dẹ́mù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà mọ̀ ni ATX3. Mọ́dẹ́mù tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ń retí ìró ìlà Amẹ́ríkà kí ó tó pe ẹnikẹ́ni, bí ìró tí exchange ibòmíràn bá mú wá kò bá sì jọ èyí tí ó mọ̀, yóò sọ pé NO DIALTONE, ìyẹn ni pé kò sí ìró lórí ìlà, nígbà tí olówó rẹ̀ ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. ATX3 ń sọ fún un pé kí ó má dúró de ìró kankan, kí ó kàn máa pe nọ́ńbà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, etí ni ó ṣe pàtàkì jù. Mọ́dẹ́mù ní gbohùngbohùn kékeré tí a fi àṣẹ ATM1 ń ṣí sílẹ̀, ariwo rẹ̀ a sì máa bí àwọn ará ilé nínú, ṣùgbọ́n ìròyìn ni ó ń kà. Ìró ìlà ni ó kọ́kọ́ ń wá, ìró nọ́ńbà á tẹ̀ lé e, ìpè á dún lọ́hùn-ún, igbe gooro á jáde láti ọ̀dọ̀ mọ́dẹ́mù kejì, ìhó bí ti ẹ̀fúùfù á sì gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ kí ìdákẹ́jẹ́ tó dé. Bí ohùn ènìyàn bá dáhùn dípò igbe, nọ́ńbà ni a ṣì. Bí igbe bá wá tí ìhó kò tẹ̀ lé e, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì kò fẹnu kò, ẹjọ́ náà sì ti padà sọ́dọ̀ wáyà. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá dé ní àkókò tí ó yẹ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì wọlé, mọ́dẹ́mù ti ṣe ipa tirẹ̀; ẹni tí ó bá tún ń pààrọ̀ mọ́dẹ́mù lẹ́yìn èyí ń fi owó ṣòfò.

Ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́dẹ́mù ni PPP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bá ara wọn ṣe íntánẹ́ẹ̀tì lórí ìlà kan ṣoṣo. Òun ni ó ń fi orúkọ oníbàárà àti ọ̀rọ̀ aṣínà hàn, òun náà ni ó sì ń gba àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà yóò máa jẹ́ títí ìpè yóò fi parí. Bí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá sọ pé PAP, ìyẹn ìlànà tí a fi ń yẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wò, kùnà, kò sí àdììtú níbẹ̀, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ni kò tọ́, tàbí kí owó oníbàárà ti tán. Ìṣòro tí ó fara sin jù ni ti kọ̀ǹpútà tí ó ti ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tẹ́lẹ̀: PPP kì í lé ọ̀nà tí ó bá nílẹ̀ kúrò láìgba àṣẹ, nítorí náà ìpè á wọlé, àdírẹ́sì á wá, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi ránṣẹ́ á sì máa gba ojúhò tí kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ìkẹyìn ni pé kí a pe kọ̀ǹpútà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, irú bíi 8.8.8.8 tí í ṣe ti Google, kí a tó wá fi orúkọ pe òmíràn. Bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́. Ìwé atọ́ka orúkọ ni kò sí, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju ìlà kan lọ nínú fáìlì /etc/resolv.conf.

Linux tí a ń ṣí láti orí CD sì ní àléébù kan tirẹ̀ tí a kì í sábà fura sí. Bí a bá ti Puppy pa láìjẹ́ kí ó fi ohun tí a ṣe pamọ́ sínú fáìlì rẹ̀ lórí disk tàbí lórí flash, yóò jí ní ọjọ́ kejì láìmọ nọ́ńbà, orúkọ tàbí ẹnu ọ̀nà kankan. Àwọn ènìyàn a máa pe èyí ní ìbàjẹ́, wọn a sì máa wá ẹni tí yóò tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbé lásán ni.

Wáyà NITEL kò pẹ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ̀rọ alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2001. Nígbà tí NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, fún MTN, Globacom, Celtel àti Alheri ní ìwé àṣẹ íntánẹ́ẹ̀tì alágbèéká 3G ní 2007, mọ́dẹ́mù tí ó kù lójú ọjà ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki bọ ojúhò USB, tí síìmù káàdì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tuntun pátápátá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí i wò lórí Linux yóò bá èdè Hayes ti 1981 nínú rẹ̀: AT ni a fi ń jí i, OK ni ó fi ń dáhùn, a sì ń pàṣẹ fún un pé kí ó pe nọ́ńbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà náà, *99#, kò dún lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. PPP àti wvdial ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ọ̀nà, orúkọ àti àdírẹ́sì ni ó ṣì dúró.

Ibi tí ó ti ń já ni ó yí padà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́mù ilé-iṣẹ́ Huawei a kọ́kọ́ fi ara wọn hàn bíi CD tí dráífà Windows wà nínú rẹ̀, Linux á rí CD náà, kò sì ní rí mọ́dẹ́mù, àfi bí ètò kékeré tí ń jẹ́ usb_modeswitch bá yí i lọ́kàn padà. Lẹ́yìn náà ni /dev/ttyUSB0 yóò yọjú. Orúkọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, tí a ń pè ní APN, gbọ́dọ̀ tọ́ dé lẹ́tà ìkẹyìn: web.gprs.mtnnigeria.net ni ti MTN, àṣẹ AT+CGDCONT ni a sì fi ń sọ ọ́ fún mọ́dẹ́mù. AT+CREG? ń bèèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gba síìmù náà wọlé, bí ó bá sì dáhùn pé 0,2 ó ṣì ń wá ibi tí yóò sọ̀ sí. Àṣẹ tí ó wúlò jù lọ fún ẹni tí ó wà ní Ìlárá tàbí ní ìlú kékeré mìíràn tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jìnnà sí ni AT+CSQ, tí ó ń fi nọ́ńbà láti 0 dé 31 sọ bí ohùn òpó náà ti lágbára tó, nígbà tí 99 túmọ̀ sí pé kò gbọ́ nǹkan kan. Pẹ̀lú okùn USB gígùn díẹ̀, ènìyàn lè máa gbé mọ́dẹ́mù náà láti ojú fèrèsé kan sí òmíràn, kí ó máa tẹ àṣẹ yìí, kí ó sì máa wo nọ́ńbà náà bí ó ṣe ń gòkè tàbí bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, èyí tí ó péye ju ká máa ka igi kéékèèké tí ń yọ lójú fóònù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, irú mọ́dẹ́mù mìíràn tún dé tí kò gbọ́ ìpè mọ́. Àwọn tí Huawei ń pè ní HiLink ń pe íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn lẹ́sẹ̀ kan náà tí a bá ti kì wọ́n bọ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń fi ara wọn hàn fún Linux gẹ́gẹ́ bíi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán, nítorí náà wvdialconf lè wá /dev/ttyUSB0 títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìrí i. Irú èyí kò nílò nọ́ńbà, kò nílò PPP; a kàn ní láti sọ fún Linux pé kí ó bèèrè àdírẹ́sì lórí káàdì tuntun tí ó yọjú náà, kí a sì ṣí 192.168.8.1 nínú ètò tí a fi ń ka ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí APN àti agbára òpó wà tí a lè kà láìtẹ àṣẹ kankan.